Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Kí Ẹgbẹ́ Tó Fọwọ́ Sí Ìwé Kílíníkì Ojú

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ lóṣù yìí kì í ṣe ti èlé orí owó yíyá, kì í sì í ṣe ti bí a ṣe ń kọ ìwé owó. Ọ̀rọ̀ ojú ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí ìyẹn ṣí ojú ìwé yìí kọjá, nítorí owó ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀.

Ohun tó fà á ni lẹ́tà kan tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ gbà. Kílíníkì ojú aládàáni kan kọ̀wé sí wa pé àwọn fẹ́ bá ẹgbẹ́ da òwò pọ̀. Wọn yóò gbé mọ́tò wá sí gbọ̀ngàn ìpàdé wa, wọn yóò yẹ ojú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí wọ́n bá rí kataráàtì lójú rẹ̀, wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní kílíníkì wọn lọ́jọ́ Sátidé. Ẹgbẹ́ ni yóò san owó náà lẹ́ẹ̀kan, ọmọ ẹgbẹ́ yóò sì máa san án padà fún ẹgbẹ́ láàárín oṣù mẹ́wàá. Iye tí wọ́n dá lé e kéré sí ti ibòmíràn. Wọ́n so ẹ̀dà sáàtífíkéètì kan mọ́ lẹ́tà náà, ó ní òǹtẹ̀, ó ní ìbuwọ́lùwé. Nígbà tí a ka lẹ́tà yìí ní ìpàdé tó kọjá, àtẹ́wọ́ pọ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí a fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀ kí ẹgbẹ́ míràn tó gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Àwa ìgbìmọ̀ ní kí ẹ fún wa ní oṣù kan. Inú àwọn kan kò dùn sí i, a sì gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn wa.

Ìdí tí a fi fà sẹ́yìn kò jìnnà. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ ìyá wa tó ń ta ẹ̀lùbọ́. A kò ní dárúkọ wọn níbí, àmọ́ àwọn fúnra wọn ló ní kí a sọ ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Wọ́n ń fi igba náírà fún ènìyàn ní ṣéńjì dípò ọgọ́rùn-ún. Wọ́n wá yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi tọ́jú ojú. Àwa fún wọn ní fọ́ọ̀mù, a béèrè onígbọ̀wọ́ méjì, a wo iye tó wà nínú ìwé ìfowópamọ́ wọn, a fọwọ́ sí i. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó béèrè pé, "Ìyá, ta ló fẹ́ ṣiṣẹ́ ojú yìí fún yín, níbo sì ni?" Àṣé ọkùnrin kan tó ya yàrá méjì lẹ́yìn ọjà, tó kọ kílíníkì ojú sára pátákó, ni. Kò yọ ohunkóhun kúrò lójú wọn. Abẹ́rẹ́ ló fi ti ohun tó kùn náà sẹ́yìn sínú ẹyinjú. Ìyá ríran lọ́jọ́ náà, wọ́n ń yin Ọlọ́run, wọ́n ń dárúkọ ẹni tó ń kọjá. Kí oṣù tó parí, ojú náà pọ́n, ó ń ro wọ́n tòru tọ̀sán, ó sì fọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ilé ìwòsàn ńlá, dókítà ní kò sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́. Owó yíyá ṣì wà lọ́rùn wọn. Onígbọ̀wọ́ kan san lára rẹ̀. Àwa la sì ń kọ lẹ́tà ìránnilétí ránṣẹ́ sí wọn, ọmọ wọn ló ń kà á fún wọn létí.

A kò sọ èyí láti fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Nínú ẹyinjú wa, Ọlọ́run fi ohun kan tó mọ́ gaara síbẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ sókè, ó máa ń kùn, bí gíláàsì àtùpà tí èéfín bò. Èyí ni kataráàtì. Kò sí oògùn tí a ń kán sójú tó lè fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ má ṣe ná owó yín sórí ìyẹn. Iṣẹ́ abẹ ni: dókítà yóò yọ èyí tó kùn, yóò sì fi tuntun tí wọ́n fi ike ṣe rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, níbi tó mọ́, kì í pẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ti ibẹ̀ padà sídìí ọjà wọn. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé àwọn afọ́jú tó ti pé ẹni 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lé ní mílíọ̀nù kan, àti pé kataráàtì ló fọ́ ojú nǹkan bí 43 nínú 100 wọn. Èyí tó dunni jù ni pé nínú gbogbo ojú tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ kataráàtì sí kí ìwádìí tó dé, ó lé ní 40 nínú 100 tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ bíi ti ìyá wa ni wọ́n fi tì í. Àwọn olówó nìkan kọ́, àwọn tálákà nìkan kọ́. Ẹni tó sún mọ́ wọn jù, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó lè dúró gba díẹ̀díẹ̀, òun ni wọ́n lọ bá.

Ibi tí ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀ ni orúkọ. Gbogbo wọn ni à ń pè ní "dókítà ojú". Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn tán, tó sì tún padà lọ fi ọdún púpọ̀ kọ́ ti ojú, tí Òyìnbó ń pè ní ophthalmologist, òun ló ń mú abẹ. Optometrist yàtọ̀ sí i. Yunifásítì ni òun náà ti jáde, ọdún mẹ́fà ló sì fi kọ́ ọ. Ó ń yẹ ojú wò, ó ń kọ awò ojú fún ènìyàn, ó lè tètè rí àrùn tó fara pamọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ abẹ kataráàtì. Ẹni tó ń gé gíláàsì awò ojú sínú férémù tún yàtọ̀. Nọ́ọ̀sì tó lọ kọ́ ìtọ́jú ojú náà wà láàyè tirẹ̀, iṣẹ́ ńlá ló sì ń ṣe. Kò sí èyí tó kéré nínú wọn bí kálukú bá dúró sáàyè rẹ̀. Ẹni tó wọ kóòtù funfun tó di ẹ̀rọ àyẹ̀wò mọ́rí lè jẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn, ó sì lè má jẹ́ ìkankan.

Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ yóò rántí ayé kòkó. Ẹni tó ń ra kòkó kọ́ ló ń sọ pé kòkó yìí dára tàbí kò dára. Sípẹ́kítọ̀ ìjọba ló ń fi ọ̀bẹ la á wò, tó ń wo inú rẹ̀ bóyá ó hu, tó sì ń fi èdìdì dí ẹnu àpò. Bí a bá gbà kí ẹni tó ń rà á máa fúnra rẹ̀ pín in sí gírẹ́dì, a ti mọ ibi tí gbogbo kòkó wa ì bá wà. Ẹ wá wo lẹ́tà yìí. Ẹni tó fẹ́ yẹ ojú wa wò lọ́fẹ̀ẹ́ náà ni yóò gbowó bí ó bá rí kataráàtì. A kò sọ pé olè ni. A kàn ń sọ pé ẹni tó fẹ́ rà kọ́ ló yẹ kó dá wọ̀n ọ́n. Àti pé ojú tó ń ṣe bàìbàì kì í ṣe kataráàtì nìkan. Gílókómà wà, èyí tí omi inú ẹyinjú ń fún iṣan ojú pa díẹ̀díẹ̀ láìro ènìyàn. Tọ́ọ̀ṣì kò lè fi í hàn, àfi kí wọ́n wọn ìfúnpá inú ojú, kí wọ́n sì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ kataráàtì fún ẹni tí gílókómà ti jẹ ojú rẹ̀ tán, owó á lọ, òkùnkùn á dúró.

Nísinsìnyí, ta ló ń ṣọ́ wọn? Ọwọ́ mẹ́ta ló yẹ kó kan kílíníkì ojú, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n.

Ọwọ́ kìíní ń wo ilé. Òfin Ètò Ìlera ti Orílẹ̀-Èdè, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní 2014, ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ láìní ìwé-ẹ̀rí pé ó bá ìlànà mu. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń forúkọ ilé ìwòsàn aládàáni sílẹ̀, àwọn náà ló sì ń rán àwọn olùyẹ̀wò jáde. Ní Èkó, àjọ HEFAMAA ló ń ṣe é, lábẹ́ òfin àtúntò ètò ìlera ìpínlẹ̀ náà ti 2006, wọ́n sì máa ń ti ilẹ̀kùn ibi tí kò bá ìlànà mu pa. Ní tiwa níbí, Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìlera ní Sẹkitéríàtì Agodi ni a lọ béèrè. Ọwọ́ kejì ń wo ènìyàn. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní MDCN ló ń forúkọ dókítà sílẹ̀, dókítà sì gbọ́dọ̀ máa gba lísẹ́ńsì tuntun lọ́dọọdún. Optometrist àti àwọn tó ń ṣe awò ojú ní ìgbìmọ̀ tiwọn, ODORBN, tí òfin kẹrìnlélọ́gbọ̀n ti ọdún 1989 dá sílẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì náà ní ìgbìmọ̀ tiwọn. Ọwọ́ kẹta ń wo oògùn, ìyẹn NAFDAC tí gbogbo ọlọ́jà mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí sáàtífíkéètì tí wọ́n so mọ́ lẹ́tà, èyí tí a pàtẹ́wọ́ fún. Nígbà tí akápò wa fi awò ojú rẹ̀ wò ó dáadáa, ìwé CAC ni. CAC ń forúkọ òwò sílẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì ń gbà, òun náà ni ọ̀pọ̀ nínú yín gbé kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ẹni tó wá wo yàrá abẹ kan kí wọ́n tó fún wọn ní ìyẹn. A kọ̀wé padà. Wọ́n fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ ti ìpínlẹ̀ ránṣẹ́ lóòótọ́, a dúpẹ́. Àmọ́ ilé tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ kì í ṣe ilé tí wọ́n fẹ́ kó àwọn ènìyàn wa lọ. Ilé àkọ́kọ́ wọn ni. Wọ́n ní ti ilé kejì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí olùyẹ̀wò wò ló kọ ìwé fún, ìwé ilé kan kò lè dúró fún òmíràn.

Kí ni olùyẹ̀wò ń wò bí ó bá dé? Àwọn òbí wa mọ wolé-wolé tó ń yọjú sínú ìkòkò omi, tó ń wá tànwíji kiri. Irú iṣẹ́ yẹn náà ni, ó kàn fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò ní kí wọ́n kó lísẹ́ńsì gbogbo òṣìṣẹ́ jáde, ti ọdún yìí, kì í ṣe ti èṣí. Yóò wo omi, yóò wo ibi tí wọ́n ń da abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò sí, yóò wo ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́. Yóò wo bóyá afẹ́fẹ́ ọ́síjìn àti oògùn pàjáwìrì wà nítòsí, nítorí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń pa ojú kú lè ṣe ara ẹlòmíràn lódì. Yóò béèrè jẹnẹrétọ̀, yóò sì ní kí wọ́n tan án lójú òun.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ọ́tókíléèfù, ìkòkò irin tí wọ́n fi ooru omi pa kòkòrò lára irinṣẹ́. Sísè lásán lórí sítóòfù kò tó. Ooru náà gbọ́dọ̀ dé ìwọ̀n 121 lórí ọ̀pá ìwọ̀n ooru kó sì wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, tàbí kó dé 134 fún ìṣẹ́jú 3. Wọ́n máa ń lẹ téèpù kan mọ́ ẹrù irinṣẹ́, ìlà dúdú á yọ lára rẹ̀ bí ooru bá kàn án. Ní ilẹ̀ wa níbí, kí iná lọ láàárín kì í ṣe ìròyìn. Bí iná bá lọ nígbà tó ku ìṣẹ́jú 5, kíkà náà ti bàjẹ́, wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ látorí òdo. Ẹni tó ní ènìyàn mẹ́jọ lórí bẹ́ǹṣì, tí dókítà sì fẹ́ tètè padà sí ìlú rẹ̀, ṣé yóò bẹ̀rẹ̀ látorí òdo? Ìdí nìyí tí a fi ń béèrè iye sẹ́ẹ̀tì irinṣẹ́ tí wọ́n ní. Bí ènìyàn mẹ́jọ bá wà tí sẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ méjì, ẹ̀yin tí ẹ ń ka owó lójoojúmọ́ lè ṣírò ìyókù. Ẹyinjú kò dà bí ẹsẹ̀. Kòkòrò tí kò lè ṣe nǹkan kan fún egbò ẹsẹ̀ lè fọ́ ojú láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta.

Ìwé ló tún kù. Ilé tó mọṣẹ́ máa ń kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀, ojú wo ni, ọ̀tún tàbí òsì, ta ló ṣe é, nọ́ńbà gíláàsì ike tí wọ́n fi sí i, bí ó ṣe ń ríran kó tó wọlé, àti bí ó ṣe ń ríran lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé àyẹ̀wò kan jáde ní 2008 tí wọ́n ń kà sókè nínú yàrá abẹ kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ: orúkọ aláìsàn, iṣẹ́ wo, apá ibo. Wọ́n á ti fi bírò sàmì sókè ojú tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, wọ́n ti ṣiṣẹ́ sí ojú tí kò dùn rí, ìdí tí ìwé náà fi wà nìyẹn. Àjọ kan náà ní, nínú ojú 100 tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ kataráàtì sí, ó kéré tán 80 gbọ́dọ̀ ríran dáadáa, èyí tí kò bá dára kò sì gbọ́dọ̀ ju 5 lọ. Kílíníkì tí kò bá kọ ti ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ kò lè mọ ìhà tí òun wà. Ó dà bí akọ̀wé tó ń kọ owó tó wọlé, tí kò kọ èyí tó jáde.

Níbi tí a dé yìí, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ sí ara wa. Àwa náà mọ ohun tí à ń ṣe bí olùyẹ̀wé-owó-wò bá ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kó tó dé, rísíìtì tó sọnù á ti padà wá sílé. Tábìlì á mọ́, ìwé ìpàdé tí a kò tíì kọ á di kíkọ. Ó wo ọjọ́ kan, ọjọ́ yòókù lọ́dún wà lọ́wọ́ wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kílíníkì. A kò sọ pé àyẹ̀wò kò wúlò, òun ló mú kí tábìlì mọ́ rárá. Ṣùgbọ́n ìwé tó wà lára ògiri ń sọ bí ilé ṣe rí lọ́jọ́ tí olùyẹ̀wò dé ni, kò sọ ti Sátidé tí wọ́n bá gbé ọ lọ.

Ẹ má sì rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ kan wà tó ń jẹ́ Care Quality Commission, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009. Ó ń yẹ ilé ìwòsàn ìjọba àti ti aládàáni wò, ó sì ń tẹ ohun tó bá rí jáde fún gbogbo ayé kà. Síbẹ̀, ní oṣù karùn-ún 2014, ní ìlú Taunton, ilé ìwòsàn ìjọba kan ní àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ kataráàtì tí wọ́n pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Wọ́n gba ilé-iṣẹ́ aládàáni kan, tó gbé yàrá abẹ alágbèérìn wá sínú ọgbà wọn. Ènìyàn 400 ni wọ́n fẹ́ ṣe. Nígbà tí wọ́n fi ṣe 62, láàárín ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n dá iṣẹ́ dúró, nítorí nǹkan bí ìdajì àwọn ènìyàn náà ló ní ìṣòro lẹ́yìn rẹ̀, bí ìrora, wíwú àti àìríran dáadáa. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé ogún ènìyàn ni wọ́n fẹ́ máa ṣe lóòjọ́, èyí tó ju iye tí àwọn dókítà ilé ìwòsàn náà fúnra wọn máa ń ṣe lọ. Wọ́n sì rí i pé ilé-iṣẹ́ kan ló ni yàrá abẹ, òmíràn ló mú dókítà wá, òmíràn ló kó irinṣẹ́ wá.

Ẹ dúró lórí ìyẹn díẹ̀. Ta ló ni ojú náà bí ó bá bàjẹ́? Onílé á ní dókítà ni, dókítà á ní irinṣẹ́ ni, oníirinṣẹ́ á ní àwọn kò sí níbẹ̀. Ẹ padà sí lẹ́tà tiwa. Kílíníkì yìí ló ni ilé. Dókítà ń ti ìlú míràn wá lọ́jọ́ Sátidé nìkan. A béèrè ibi tí irinṣẹ́ ti ń wá, wọ́n ní dókítà ló ń kó o dání. Bí ọmọ ẹgbẹ́ wa bá ṣiṣẹ́ ojú ní Sátidé, tí ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó lọ́jọ́ Túsìdeè, tó pọ́n, tí ìríran rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, tí ọyún ń yọ, ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń fi oògùn ìrora mú dúró di Sátidé tó ń bọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ló gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà tó lè gún oògùn sínú ẹyinjú. Wákàtí ni wọ́n fi ń ka irú ìyẹn. A wá béèrè lọ́wọ́ wọn pé, ta ló wà ní kílíníkì ní Túsìdeè? Nọ́ńbà fóònù ni wọ́n fi dá wa lóhùn. A pè é ní Túsìdeè. Ẹni tó ń gba owó ló gbé e.

Àwọn kan yóò ní, ta ni àwa tí a fi ń bi dókítà léèrè? Òfin ló fún wa láyè. Òfin 2014 tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ní abala 23 rẹ̀, ní kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ṣàlàyé àìsàn náà fún un, àti ìtọ́jú tó wà, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀ àti iye owó rẹ̀. Ó ní níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kó jẹ́ ní èdè tí aláìsàn gbọ́, kó sì bá bí ó ṣe kàwé tó mu. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì ka iwájú ìyá àgbà tí wọ́n ní kó tẹ ìka, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá. Abala 30 sì fún ẹnikẹ́ni láyè láti fẹjọ́ sùn lórí bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì wádìí rẹ̀. Dókítà gidi kì í bínú sí ìbéèrè. Ọ̀kan tí a lọ bá fún ìmọ̀ràn tilẹ̀ ní àwọn aláìsàn tí kì í béèrè ló ń ba òun lẹ́rù.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún àwọn tó ń ta oògùn láàárín wa, ẹ má bínú. Omi ojú tí oòrùn ti sè lórí àtẹ kì í ṣe oògùn mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa omi ojú kan tí wọ́n ṣe ní Íńdíà, tí kòkòrò àrùn wọ inú rẹ̀. Ènìyàn 81 ní ìpínlẹ̀ 18 ló kó àrùn náà. Ojú àwọn 14 bàjẹ́, wọ́n yọ ẹyinjú àwọn 4, ènìyàn 4 sì kú. Nígbà tí àwọn sípẹ́kítọ̀ wọn dé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, wọ́n bá àléébù púpọ̀ nípa ìmọ́tótó níbẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́, ẹ má ta èyí tí èdìdì rẹ̀ ti já. Ẹni tó bá sì ti ṣí ìgò rẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ 28 kó sọ ọ́ nù, bó tilẹ̀ ku ìdajì. Àwọn omi ojú kan tún wà tó ń mú kí ojú pípọ́n lọ kíákíá, tí ènìyàn á máa padà wá rà. Bí oògùn sítẹ́rọ́ìdì bá wà nínú irú rẹ̀, lílò ó fún ìgbà pípẹ́ láìsí dókítà lè fa gílókómà. Ẹ má ta á fún ọmọ tí ojú ń yún.

Di ọjọ́ tí a fi ń kọ ìwé yìí, ibi tí nǹkan dé nìyí. Kílíníkì náà ti fún wa ní orúkọ dókítà wọn, a sì ti rí i dájú pé orúkọ rẹ̀ wà ní MDCN, lísẹ́ńsì rẹ̀ sì jẹ́ ti ọdún yìí. A dúpẹ́ fún ìyẹn, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Wọ́n ní sẹ́ẹ̀tì irinṣẹ́ mẹ́rin ni dókítà ń kó wá, wọn kò sì sọ iye ènìyàn tí yóò ṣe lóòjọ́. A ní kí wọ́n jẹ́ kí a rí ìwé bí àwọn ènìyàn ṣe ń ríran lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni, iye nìkan. Wọ́n ní àṣírí iṣẹ́ ni. Ìwé ilé kejì kò tíì dé. Bó bá dé kó tó di ìpàdé, a ó kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo yín.

Ẹni tí ojú rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu báyìí kò gbọ́dọ̀ torí èyí dúró. UCH wà, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba wà. Ìgbìmọ̀ ti gbà pé kí owó yíyá fún ìtọ́jú ojú má ṣe pẹ́ ju ọjọ́ méje lọ kó tó jáde. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ní àfikún sí orúkọ onígbọ̀wọ́ méjì, ẹ ó kọ orúkọ dókítà tí yóò ṣiṣẹ́ náà, àdírẹ́sì ilé tí yóò ti ṣe é gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé ìpínlẹ̀, àti orúkọ ẹni tí ẹ ó bá lọ́jọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrìnlá. Bí àyè kẹta bá ṣófo, akápò kò ní sanwó.

Ní ìpàdé Sátidé kejì oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, ohun méjì la ó dìbò lé. Èkíní ni lẹ́tà kílíníkì. Èkejì ni ìyókù owó yíyá ìyá wa tó ń ta ẹ̀lùbọ́. Òfin ẹgbẹ́ kò fún ìgbìmọ̀ lágbára láti dárí gbèsè ji ẹnikẹ́ni, ìpàdé gbogbogbò nìkan ló lè ṣe é. Àwa ìgbìmọ̀ ni a ó gbé e dìde, nítorí àwa la fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yẹn. Ìyá ti ní àwọn yóò wá, wọn yóò sì jókòó síwájú.